Ẹrù Ni Wọ́n Tìtorí Rẹ̀ Kọ́ Ọ: Ìdáhùn lórí Stéṣàn Rélùwéè Àtijọ́ Kan

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ìlú kékeré kan ni mí, lójú irin láàárín Òṣogbo àti Ọ̀fà. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fẹ́ tẹ ìwé pélébé kan jáde lórí stéṣàn rélùwéè wa àtijọ́, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ ọ́. Àwọn kan ní Lugard ló kọ́ ọ ní 1901. Àwọn àgbà kan ní rárá, lẹ́yìn ogun Jámánì àkọ́kọ́ ni. Ohun mìíràn tún ń rú mi lójú: stéṣàn náà jìnnà sí ààfin gan-an, ilé páànù kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ. Kò tún sí ẹni tó lè sọ ìgbà tó kú fún mi. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ Lugard kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí gbogbo ohun tí Òyìnbó bá kọ́ sí Nàìjíríà la máa ń dì lé e lórí, àfi bí ẹni pé òun nìkan ló wọkọ̀ wá. Láti 1900 sí 1906, Àríwá ló ti ń ṣèjọba. Láti 1907 sí 1912, Hong Kong ló wà tó ń ṣe gómìnà. Àsìkò tí wọ́n ń to irin gba ọ̀dọ̀ yín kọjá gan-an, kò tilẹ̀ sí ní Áfíríkà. Ẹni tó wà lórí àlééfà l'Ékòó nígbà náà ni Walter Egerton. Ó di gómìnà Èkó ní 1904, wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà ní 1906, ó sì ń darí gbogbo rẹ̀ títí di 1912. Bí ẹ bá fẹ́ fi orúkọ gómìnà kankan sínú ìwé yín, tirẹ̀ ni kí ẹ fi.

1901 ní tirẹ̀ kì í ṣe irọ́, àmọ́ ọdún ìlú mìíràn ni. Ti Ìbàdàn ni. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó ní 1896, irin dé ẹ̀bá Abẹ́òkúta ní 1898, ó dé Ìbàdàn nígbà tí 1900 ń lọ sópin, Gómìnà William MacGregor sì ṣí i ní oṣù kẹta ọdún 1901 pẹ̀lú ayẹyẹ ńlá. Ó wá dúró síbẹ̀ fún ọdún díẹ̀, nítorí ìjọba fẹ́ mọ̀ bóyá owó tí wọ́n ná á padà wálé kí wọ́n tó ná òmíràn. Nígbà tí wọ́n tún gbéra, wọn ò dúró pẹ́ mọ́: irin dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà létí odò Ọya ní 1909. Ọ̀fà ni èèyàn máa kàn kó tó dé Ìlọrin. Ìlú tó bá wà láàárín Òṣogbo àti Ọ̀fà, 1907 sí 1908 nìkan ni irin lè gba ibẹ̀ kọjá. Irin kì í fò. Ẹ ò nílò ìwé ìjọba kankan láti fi ìdí èyí múlẹ̀.

Ọjọ́ orí irin nìyẹn o, kì í ṣe ti ilé. Níbi tí àríyànjiyàn àwọn àgbà yín ti wọlé nìyí, mo sì rò pé ẹnu wọn lè jẹ́ òótọ́. Nígbà tí wọ́n bá ń la ojú irin, ohun tó ń jẹ wọ́n lógún ni kí ẹ̀rọ lè kọjá. Ọ̀pọ̀ stéṣàn kéékèèké ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ahéré onípáànù tàbí yàrá kan péré, tí wọ́n á wá kọ́ ilé gidi síbẹ̀ nígbà tí ẹrù bá ti ń wọlé dáadáa. Irin lè dé ní 1908, kí ilé tí ẹ ń wò lónìí sì jẹ́ ti ẹ̀yìn 1918. Ẹ kọ ọdún méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má fi ọ̀kan pa èkejì.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí, ẹ lọ síbi irin tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ stéṣàn, kì í ṣe irin àárín tí rélùwéè ń gbà. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì onírin dání. Ẹ ha ìpẹtà kúrò ní ìbàdí irin, ìyẹn ibi pẹrẹsẹ tó wà láàárín orí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é tọkàntọkàn, ẹ ó rí lẹ́tà tó wú síta lára irin: orúkọ tàbí àmì ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́, ọdún tí wọ́n rọ ọ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ ní pọ́n-ùn fún yáàdì kan. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ tàbí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, nítorí òjìji ló ń mú kí àwọn lẹ́tà yẹn ṣeé kà. Lọ́sàn-án gangan, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Kí ló dé tí mo fi ní irin ẹ̀gbẹ́? Nítorí pé bí irin àárín bá ti gbó, tí wọ́n fẹ́ fi èyí tó wúwo jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, wọn kì í kó ti àtijọ́ dànù. Irin ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń lọ tò ó sí. Irin tó dàgbà jù lọ ní ìlú yín lè wà níbẹ̀, lábẹ́ koríko. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ọdún tó wà lára irin, ọdún tí wọ́n rọ ọ́ ni, kì í ṣe ọdún tí wọ́n tò ó. Ó kàn ń sọ fún yín pé kò lè ṣáájú ìgbà náà ni.

Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tún wà lára àwọn ohun èlò. Ní 1912 ni wọ́n pa rélùwéè Èkó pọ̀ mọ́ èyí tó lọ láti Bárò, létí odò Ọya, sí Kánò, tí orúkọ rẹ̀ wá di ti Nàìjíríà. Ní 1955 ló di Nigerian Railway Corporation. Ohunkóhun tí ẹ bá rí tí wọ́n kọ NRC sí lára, ìbáà jẹ́ àga, fìtílà tàbí bẹ́ǹṣì, ó ṣòro kó dàgbà ju 1955 lọ, ohun yòówù tí onítọ̀hún ì báà máa sọ pé bàbá bàbá òun ló jókòó sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ilé páànù ńlá yẹn, nítorí òun gan-an ni ìdáhùn sí èyí tó pọ̀ jù nínú ìbéèrè yín. Ilé ẹrù ni. Ó tóbi ju stéṣàn lọ nítorí pé ẹrù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ la ojú irin yìí. Èèyàn wọ̀ ọ́ nítorí pé ó ń kọjá. Ẹ lọ wo ilẹ̀ inú rẹ̀. Ó ga sókè, bí pèpéle, ó sì ṣeé ṣe kí ó bá ilẹ̀ inú wágọ̀nù dọ́gba, kí alábàárù lè ti àpò láti inú ilé bọ́ sínú ọkọ̀ láìgbé e sókè. Ẹ wo ilẹ̀kùn rẹ̀: ọ̀kan yóò kọjú sí irin, èkejì á kọjú sí títì, níbi tí àwọn aláàárù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àti lọ́ọ̀rì lẹ́yìn náà, ń já ẹrù sí. Bí ojú ihò onígun mẹ́rin bá wà nínú sìmẹ́ńtì ilẹ̀, òṣùwọ̀n ńlá ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi ń wọn àpò. Stéṣàn fúnra rẹ̀ kò ju yàrá ọ̀gá stéṣàn, ibi tíkẹ́ẹ̀tì, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí èrò ń dúró sí lọ.

Ẹrù wo? Ní ìbẹ̀rẹ̀, òwú ni Òyìnbó fọkàn sí. Àwọn ahunṣọ Lancashire ní Ìlú Ọba kò fẹ́ kí òwú Amẹ́ríkà nìkan máa bọ́ wọn, wọ́n dá ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association sílẹ̀ ní 1902, ẹgbẹ́ náà sì wà lára àwọn tó ń ti ìjọba lẹ́yìn pé kí irin máa lọ sókè. Àwọn àgbẹ̀ wa ní tiwọn mọ ohun tó ń mówó wọlé. Èkùrọ́, epo, àti kòkó lẹ́yìn náà, ni wọ́n kó wá sójú irin. Ní Kánò, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀: òwú ni wọ́n ń retí, ẹ̀pà ni wọ́n bá. Mo fẹ́ràn apá ìtàn yìí gidigidi. Òyìnbó la ọ̀nà fún ohun tó wù wọ́n, àgbẹ̀ sì gba ọ̀nà náà kó ohun tó wù ú lọ.

Ẹrù tó ń bọ̀ láti Èkó náà kò kéré: iyọ̀, aṣọ, kẹrosíìnì, páànù, sìmẹ́ńtì. Ẹ wo orí ilé àtijọ́ ní ìlú yín. Páànù tó rọ́pò koríko àti ewé lórí wọn, ojú irin ló gbà dé. Obì gbàǹja láti oko Agége sì ń gba iwájú stéṣàn yín kọjá lọ sí Kánò. Nígbà tí irin dé Òṣogbo, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí irin kò dé ìlú wọn ń wá síbẹ̀ ra aṣọ, wọ́n á sì kiri í lọ sí abúlé lábúlé ní àwìn. Bí òṣómàáló ṣe gbilẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ wọ rélùwéè kan náà lọ ṣòwò ní Kánò àti Jos. Ẹ béèrè ní agboolé yín, ẹ ó rí ilé tí wọ́n ti bí ẹnì kan sí òkè Ọya nítorí pé bàbá rẹ̀ bọ́ sínú rélùwéè ní stéṣàn yín lọ́jọ́ kan.

Ní ti pé ó jìnnà sí ààfin: ẹnjiníà kì í béèrè ibi tí ọba wà. Ohun tó ń wá ni ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí kò ní òkè líle, tí odò tó máa gbé afárá lé kò pọ̀, tí omi sì wà nítòsí fún ẹ̀rọ. Rélùwéè tó ń fa ẹrù kì í lè gun òkè gíga, kò sì lè yí po ní kọ́nà tó ká jù. Ìlú Yorùbá àtijọ́ ẹ̀wẹ̀, ó ní odi, agboolé sì so kọ́ra wọn yí ààfin ká. Bí wọ́n bá gba àárín rẹ̀, ilé tí wọn yóò wó kò ní lóǹkà. Wọ́n á kàn gba ẹ̀gbẹ́ ìlú kọjá ni, ìlú yóò sì wá bá wọn. Bí ó ṣe rí ní ọ̀dọ̀ yín náà nìyẹn, bí mo bá mọ nǹkan kan. Ẹ wo títì tó lọ tààrà láti ọjà sí stéṣàn, ẹ wo ilé alájà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wo àdúgbò àwọn àlejò tó sún mọ́ irin. Ọ̀nà yẹn kò sí níbẹ̀ kí irin tó dé.

Àwọn ìlú ńlá mìíràn kò tilẹ̀ rí ẹ̀gbẹ́ ìlú gbà. Irin kò dé Ọ̀yọ́, kò dé Ògbómọ̀ṣọ́, kò dé Iléṣà, kò dé Ifẹ̀. Ohun tó ń fa irin lọ sókè ni Jẹ́bà, nítorí pé erékùṣù àti àpáta tó wà láàárín odò Ọya níbẹ̀ mú kí afárá ṣeé ṣe. Láti Ìbàdàn dé Jẹ́bà, Òṣogbo àti Ọ̀fà bọ́ sójú ọ̀nà. Afárá náà pẹ́ o: 1916 ló parí, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì fi ń gbé wágọ̀nù sọdá kí ó tó parí. Lákòókò kan náà, Percy Girouard, ẹnjiníà rélùwéè tó di olórí Àríwá ní 1907, ń la irin tirẹ̀ láti Bárò lọ sí Kánò, kí ẹrù Àríwá lè máa gba odò Ọya lọ sókun dípò Èkó. Irin Bárò dé Kánò ní 1911. Àmọ́ odò Ọya máa ń fà ní ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ ńlá kò lè gbà á, nígbà tí irin méjèèjì sì pàdé ní Mínnà, Èkó ló jẹ èrè. Èyí kan ìlú yín tààrà. Bí Bárò bá ti borí ni, stéṣàn yín ì bá jẹ́ ti ẹ̀ka kékeré kan tó parí sí Jẹ́bà. Láti 1912, ó di ti òpópó ńlá tó so Èkó mọ́ Kánò.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ má gbàgbé fi sínú ìwé yín ni ilẹ̀ tí irin yìí gbà. Ní 1878, ní Ìkìrun, Ìbàdàn lu ogun Ìlọrin àti ti àwọn alájọṣe wọn bolẹ̀, ọ̀pọ̀ sì bómi lọ nínú odò Ọ̀tìn. Jálùmi la ń pè é títí dòní. Ìlọrin fọ́ Ọ̀fà ní 1890, ogun kò sì kúrò pátápátá lójú ọ̀nà yẹn títí di 1893. Irin dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní Jálùmi kò tíì pé àádọ́ta nígbà tí irin dé Òṣogbo ní 1907. Ọ̀nà tí kò lè rìn láìmú ìbọn dání, ó lè wá san owó tíkẹ́ẹ̀tì, kó jókòó, kó dé Ọ̀fà lọ́jọ́ kan náà. Èmi kò tíì rí ìwé ìtàn ìlú tó fi àwọn ọdún wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin ẹ fi wọ́n síbẹ̀.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ stéṣàn náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Irin kan ṣoṣo ló wà, rélùwéè tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ kò sì lè pàdé lórí rẹ̀. Irin ẹ̀gbẹ́ tí mo ní kí ẹ lọ ha ìpẹtà rẹ̀ yẹn ni ọ̀kan á yà sí, kí èkejì kọjá. Ọ̀gá stéṣàn á tẹ wáyà sí stéṣàn tó kàn láti mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣí, dírẹ́bà kò sì gbọdọ̀ kúrò láìgba àmì àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀gá stéṣàn fi jẹ́ èèyàn ńlá ní ìlú kékeré: ó ní aago, ó ní wáyà, ìròyìn Èkó sì máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó dé ààfin. Bí ìpìlẹ̀ tánkì omi bá wà nítòsí, ti ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń fi èédú se omi, tí ooru omi náà ń tì í lọ, ni. Èédú rẹ̀, Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń kó o wá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ti Enugu ní 1915. Ní 1945, Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà lára àwọn tó ṣíwájú ìyanṣẹ́lódì gbogboogbò nítorí owó oṣù tí kò tó jẹun mọ́; ìyanṣẹ́lódì náà lé ní oṣù kan. Bí àwọn àgbà yín bá ń sọ nípa ọdún kan tí stéṣàn dákẹ́ lójijì tó sì tún jí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí.

Ó ku ti ikú rẹ̀. Ẹ má wá ọjọ́ kan ṣoṣo. Lọ́ọ̀rì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti pẹ́ ju bí a ṣe ń rò lọ. Kí àwọn ọdún 1930 tó parí, ìjọba amúnisìn ti ń bẹ̀rù débi pé ó fi owó láìsẹ́ńsì ni àwọn onílọ́ọ̀rì lára kí rélùwéè rẹ̀ má bàa pàdánù. Àwọn onímọ́tò yanṣẹ́ lódì ní 1937; Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn. Lọ́ọ̀rì ń wọ oko lọ gbé kòkó lẹ́sẹ̀ igi. Rélùwéè ní kí o gbé e wá bá òun. Kò sí ìjọba tó lè fi owó láìsẹ́ńsì yí ìyẹn padà. Owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, títì ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ẹ̀pà Kánò sì tán. Wọ́n gbé àwọn ará Íńdíà wá láti darí iléeṣẹ́ náà ní ìparí àwọn ọdún 1970, nǹkan gún régé díẹ̀, wọ́n lọ, ó tún dojú rú. Ní 1988 gbèsè mú kí rélùwéè dúró fún bí oṣù mẹ́fà. Ní oṣù Kejìlá 2012 èrò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ láti Èkó lọ sí Kánò, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ti wà.

Ọdún mẹ́ta ni kí ẹ wá dípò ọ̀kan: ìgbà tí wọ́n kó ẹrù kẹ́yìn sínú ilé páànù yẹn, ìgbà tí ọ̀gá stéṣàn ìkẹyìn kúrò láìsí ẹni tó rọ́pò rẹ̀, àti ìgbà tí rélùwéè ọlọ́pọ̀ èrò dẹ́kun dídúró níbẹ̀. Bí mo bá máa fojú díwọ̀n rẹ̀, ilé páànù ni yóò ti kọ́kọ́ kú, bóyá ogún ọdún ṣáájú ìyókù. Bí ẹnì kan bá sì sọ fún yín pé rélùwéè tuntun ti Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 yóò jí stéṣàn náà, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé Mọníyà, ní Ìbàdàn, ló parí sí, àti pé irin rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 1,435 nígbà tí tiyín jẹ́ 1,067. Ọkọ̀ ti ibẹ̀ kò lè fi ẹsẹ̀ lé tiyín.

Níbo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ìwé lè dúró dè yín. Ẹ má béèrè ìtàn stéṣàn lọ́wọ́ wọn, nítorí ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì ni wọn yóò sọ. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ṣe: ta ló ń gbé fìtílà, kí ni wọ́n ń kó jù, rélùwéè mélòó ló ń kọjá lóru. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ ní kí wọ́n kó fáìlì ìjọba agbègbè Ọ̀ṣun àti ti Ọ̀yọ́ fún yín. Ẹjọ́ ilẹ̀ àti owó gbà-má-bínú tí wọ́n san fún àwọn tí irin gba oko wọn ni kí ẹ wá, ibẹ̀ ni orúkọ agboolé yín ti lè jáde. Jaekel House ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, ilé àwọn ọ̀gá rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1898, ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé; àwòrán àti ohun èlò tó wà níbẹ̀ yóò jẹ́ kí ẹ mọ orúkọ ohun tí ẹ bá rí nínú koríko. Ilẹ̀ stéṣàn àti gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, ti iléeṣẹ́ rélùwéè ni, nítorí náà ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó wọ inú ilé páànù, ẹ ya fọ́tò ohun gbogbo níbi tó wà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan gbé irin kan lọ sílé nítorí kó má bàa sọnù.